Lẹ́tà 109 tó já sọnù: ìṣẹ̀lẹ̀ ọmọkùnrin kan ní Ìkòròdú

Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, àwọn tí ọ̀kadà gbá, àti àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń tọ́jú. Ìwé tí wọ́n fi rán ọmọ yìí wá kò ju ìlà kan lọ: ẹsẹ̀ kò lágbára, ó máa ń ṣubú. Àwọn òbí rẹ̀ ti fún mi láyè láti kọ ìtàn náà sílẹ̀, mo sì yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ojúlùmọ̀ má baà dá wọn mọ̀. Ohun tí n kò yí padà ni ohun tí àyẹ̀wò sọ nípa àìsàn iṣan rẹ̀, nítorí pé òun gan-an ni mo fẹ́ kó yé àwọn òbí mìíràn.

Mo ní kó jókòó sórí ẹní, kó sì dìde. Kò lè dìde tààrà. Ó kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún gbé ara rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gun ara rẹ̀ bọ̀ lókè: ọwọ́ lórí ojúgun, ọwọ́ lórí orúnkún, ọwọ́ lórí itan, títí ó fi nàró. William Gowers, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàpèjúwe irú ìdìde yìí ní 1879, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń fi pè é títí dòní. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ọmọ náà tóbi, ó sì le. Bàbá rẹ̀ ti fi ìyẹn yangàn títí. "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù ni." Kì í ṣe agbára ló wà níbẹ̀. Ọ̀rá àti àpá ló ti ń gba ipò iṣan.

Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ kó tó rìn. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré rí. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 4 ló ti ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, tí gìgísẹ̀ kì í kanlẹ̀ dáadáa. Ìyá bàbá rẹ̀ ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n káàdì àjẹsára ọmọ náà pé, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì rọ bákan náà, èyí tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kì í sábà ṣe. Bàbá ní tiẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń mú un gun àtẹ̀gùn sókè sódò láràárọ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ dá dúró lọ́jọ́ náà, kí a tó mọ orúkọ àrùn náà rárá: nínú irú iṣan bẹ́ẹ̀, sísọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn a máa fa ìpalára ju gígùn ún lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n rìn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi jìn. Ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù méjì tí wọ́n ń pè ní ALT àti AST ga, wọ́n sì ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó lo oògùn ẹ̀dọ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n tún fi àgbo ibà pọ́njú kún un nílé. Bẹ́ẹ̀ ojú ọmọ náà kò pọ́n rí, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì yí àwọ̀ padà. ALT àti AST kò sí nínú ẹ̀dọ̀ nìkan. Wọ́n wà nínú iṣan pẹ̀lú, bí iṣan bá sì ń bàjẹ́, wọ́n á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àìsàn yìí ni wọ́n ti tọ́jú fún ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ọmọkùnrin tí ALT rẹ̀ ga, tí kò sì lè sáré, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ CK rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. CK ni ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ ti iṣan gan-an. Lára ọmọ tí iṣan rẹ̀ dá ṣáṣá, kì í sábà ju 200 tàbí díẹ̀ lé lọ. Ti ọmọ yìí lé ní 14,000.

Pẹ̀lú iye yẹn, Duchenne ló wá sí wa lọ́kàn, àìsàn tó ń jẹ iṣan àwọn ọmọkùnrin tán díẹ̀díẹ̀, tí dókítà ará Faransé náà, Guillaume Duchenne, kọ nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1860. Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro Èkó, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lókè òkun. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àjọ tí ìyá ń dá ní ọjà Sábó ló fi san án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kó ṣáájú ẹni tó kàn. Nígbà tí èsì dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: nínú jíìnì (ìlànà tí a fi lẹ́tà kẹ́míkà kọ sínú sẹ́ẹ̀lì) tó ń ṣe dystrophin, purotéènì kan tó ń dáàbò bo iṣan, ègé kan tí wọ́n ń pè ní exon 50 kò sí níbẹ̀, kíkà jíìnì náà sì ti yẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní frameshift nìyẹn.

Dókítà ti ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì ti gbọ́ orúkọ àrùn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ mi ni ìbéèrè ti jáde, níbi tí wọ́n jókòó sí tí mo ń na gìgísẹ̀ ọmọ.

Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ṣebí a ṣe jẹ́nótáìpù kí a tó ṣègbéyàwó? AA ni mí, AA ni àwọn náà. Pásítọ̀ rí ìwé wa méjèèjì. Ibo ni èyí tún ti wá?"

Bàbá kò wo ojú mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Òdógúnyàn ló ti ń fi ẹ̀rọ gé irin, òǹkà àti ìwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ka ìwé èsì náà lójú méjèèjì. "Wọ́n ní ègé 79 ló wà nínú jíìnì yìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọn ò rí. 78 ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí. Báwo ni ẹyọ kan ṣe máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́?"

Ìbéèrè méjèèjì dára, wọ́n sì so mọ́ra ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ. Mo sọ fún ìyá pé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ń béèrè kì í wo ohun mìíràn ju hẹmoglóbìnì inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Kò wo iṣan, kò wo ojú, kò wo etí. Ẹni tó bá jẹ́ AA ti bọ́ lọ́wọ́ bíbí ọmọ SS, kò sí ohun mìíràn tí ìwé yẹn ṣèlérí. Mo wá fi àrùn SS náà ṣàlàyé, nítorí pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nínú jíìnì tó ń ṣe beta-globin, apá kan lára hẹmoglóbìnì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́tà kan bọ́ sí ipò lẹ́tà mìíràn: ibi tó yẹ kí GAG wà, GTG ló wà. Iye lẹ́tà kò dín, kò lé. Amino ásíìdì 146, àwọn ègé tí a fi ń kọ́ purotéènì, ló to ara wọn di beta-globin. Ẹyọ kan péré, ìkẹfà, ló yí padà, 145 tó kù wà ní ààyè wọn. Ìyà tí ẹyọ kan yẹn ń fi jẹ ènìyàn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀ purotéènì náà pé, ó gùn bó ṣe yẹ, ó ṣì ń gbé ọ́síjìn kiri. Ti ọmọ yín kì í ṣe pé lẹ́tà kan gba ipò òmíràn. Àwọn lẹ́tà ti já sọnù, iye tó sì já kò ṣeé pín sí mẹ́ta.

Ibi tí bàbá ti gbé ojú sókè nìyẹn. "Kí ló kan mẹ́ta níbẹ̀?"

Mo mú bébà, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí i láìfi àmì sí i:

IYA OLU GUN ATA FUN ADE

Ó kà á: ìyá Olú gún ata fún Adé. Mo sọ fún un pé òfin kan ló wà. Láti ọwọ́ òsì, lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni kó máa kà lọ, kò gbọdọ̀ fojú wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì kò ní ojú tó lè fi wá a. Kò sí àlàfo, kò sí kọ́mà nínú jíìnì. Lẹ́yìn náà mo pa U tó wà nínú OLU rẹ́, mo sì tún un kọ ní mẹ́ta-mẹ́ta:

IYA OLG UNA TAF UNA DE

Ó gbìyànjú láti kà á, ó dákẹ́. Gbogbo lẹ́tà tó kù ló ṣì wà níbẹ̀, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n láti ibi tí U ti kúrò títí dé ìparí, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́. Mo kọ ti àkọ́kọ́ padà, mo wá pa O, L àti U rẹ́ pọ̀:

IYA GUN ATA FUN ADE

"Eléyìí yé mi," ó ní. "Olú nìkan ni kò sí níbẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ náà ti sún mọ́ wa. Òun ló sọ ọ́ jáde: a pa lẹ́tà mẹ́ta rẹ́, ọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ́ ọ̀rọ̀, a pa ẹyọ kan rẹ́, gbogbo rẹ̀ dàrú.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé mẹ́ta ni jíìnì ń kà náà nìyẹn. Ní 1961, ní Cambridge, Francis Crick, Sydney Brenner, Leslie Barnett àti Richard Watts-Tobin mú kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa bakitéríà, T4 lorúkọ rẹ̀, wọ́n fi kẹ́míkà kan tí í jẹ́ proflavin bá a lò. Kẹ́míkà yẹn a máa jẹ́ kí lẹ́tà kan já tàbí kí òmíràn wọlé sínú jíìnì. Bí ẹyọ kan bá wọlé, jíìnì náà kú. Bí ẹyọ kan bá wọlé tí ẹyọ kan sì já ní ìtòsí rẹ̀, jíìnì náà a tún máa ṣiṣẹ́. Mo ṣe é fún wọn lórí bébà: mo fi K sí iwájú nínú ọ̀rọ̀ tó ti dàrú, ó di IYA OLG UNK ATA FUN ADE, àárín kò dára, ṣùgbọ́n ìparí ti padà bọ̀ sípò. Ohun tó wá là wọ́n lójú jù ni pé bí ẹyọ mẹ́ta bá wọlé, tàbí tí mẹ́ta bá já, jíìnì náà tún ń ṣiṣẹ́. Méjì kò ṣe é. Mẹ́ta ṣe é. Iṣẹ́ wọn kò sọ ìtumọ̀ ọ̀kankan nínú àwọn lẹ́tà náà, síbẹ̀ ó sọ iye tí sẹ́ẹ̀lì ń kà pọ̀. Mo ka iṣẹ́ yẹn sí ọ̀kan lára èyí tó lẹ́wà jù tí ọpọlọ ènìyàn ti ṣe, inú mi sì dùn pé mo lè fi bébà àti báírò kan sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ Òdógúnyàn kó sì yé e.

Ó ku kí a wá bọ́ sórí ọmọ. Jíìnì dystrophin wà lára àwọn tó gùn jù nínú gbogbo jíìnì ènìyàn, ó lé ní mílíọ̀nù 2 lẹ́tà, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń gé sọnù kó tó kà á. Àwọn ègé 79 tó kù ni exon. Sẹ́ẹ̀lì á so wọ́n pọ̀ ní orí-sí-ìdí, á wá ka ohun tó lé ní lẹ́tà 11,000 nínú wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, láti fi to amino ásíìdì 3,685 di dystrophin. Exon 50 jẹ́ lẹ́tà 109. Nínú lẹ́tà 11,000, ìyẹn kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n 3 wọ inú 109 ní ọ̀nà 36, ó ku 1. Nígbà tí exon 49 wá so mọ́ 51 láìsí 50 láàárín, ẹyọ 1 yẹn ló yẹ kíkà gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Bébà mi kò lè fi ohun tó kàn hàn, nítorí náà mo sọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́tà DNA, èyí tí a fi kọ jíìnì, jẹ́ mẹ́rin: A, T, G, C. Ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀nà 64 ni wọ́n lè gbà tò. 61 nínú wọn ń pe amino ásíìdì. 3 tó kù, TAA, TAG àti TGA, ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dúró, purotéènì ti parí. Nínú jíìnì tó dára, ìkan nínú mẹ́ta yìí kì í yọjú àfi ní ìparí. Ṣùgbọ́n bí kíkà bá ti yẹ̀, kò sí ohun tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n lè yọjú níbikíbi, wọn kì í sì í pẹ́ yọjú. Lára ọmọ tí exon 50 rẹ̀ kò sí, inú exon 51 gan-an ni àmì ìdúró ti ń bọ́ sójú ọ̀nà. Sẹ́ẹ̀lì dúró níbẹ̀. Ègé 28 tó wà níwájú, láti 52 títí dé 79, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n pé pérépéré, ẹnikẹ́ni kò sì ní kà wọ́n láéláé. Sẹ́ẹ̀lì tún máa ń dá RNA (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà) tó ní irú àmì ìdúró àìtọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀, á sì run ún, tí ó fi jẹ́ pé ààbọ̀ purotéènì pàápàá kì í sí.

Ìdí tí ìparí yẹn fi ṣe pàtàkì ni iṣẹ́ tí dystrophin ń ṣe. Orí rẹ̀ kan di actin, tó dà bí okùn, mú nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan. Ìdí rẹ̀ di àwọn purotéènì ara awọ sẹ́ẹ̀lì mú. Àárín rẹ̀ gùn, ègé 24 tó jọra ló sì tò tẹ̀ léra níbẹ̀. Bí iṣan bá sún kì, òun ló ń jẹ́ kí awọ náà má ya. Láìsí ìdí rẹ̀, kò ní ohun tó máa dì mú. Awọ á máa ya, kálísíọ́mù á máa wọlé, sẹ́ẹ̀lì á máa kú, CK á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á máa gba ipò iṣan. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ojúgun ọmọ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bàbá dákẹ́ títí. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ tó sọnù, àmọ́ tó pín sí mẹ́ta ńkọ́?"

Irú wọn wà. Àwọn ọkùnrin kan wà tí exon 45, 46, 47 àti 48 kò sí lára wọn. 176, 148, 150 àti 186: bàbá ló fi fóònù rẹ̀ rò ó pọ̀, ó jẹ́ 660. Ìlọ́po 6 ohun tó sọnù lára ọmọ rẹ̀. Ó fi 3 pín in: 220, kò ṣẹ́ kù. Àwọn yẹn ní ohun tí wọ́n ń pè ní Becker, orúkọ dókítà ará Jámánì tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1955. Dystrophin wọn kúrú ní àárín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà, ìdí rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń rìn nígbà tí wọ́n bá ti di àgbà. Ní 1988 ni Anthony Monaco, Louis Kunkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé òfin náà kalẹ̀: bí ohun tó sọnù bá jẹ́ kí kíkà yẹ̀, Duchenne ni, bí kíkà bá dúró, Becker ni. Òfin náà ní àwọn tó ya kúrò lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1990. Láti exon 17 títí dé 48 kò sí lára rẹ̀, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì kà. Ọmọ ọdún 61 ni, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo rò ó dáadáa kí n tó sọ ìyẹn fún bàbá tí ọmọ tirẹ̀ pàdánù 109 péré. Ó lè dà bí ìyà lórí ìyà. Ṣùgbọ́n òun ló béèrè, ẹni tó bá béèrè òtítọ́ lórí ọmọ rẹ̀ kò yẹ kí a fi ìdajì lé e lọ́wọ́. Ó mi kanlẹ̀. Ó ní, "Nítorí ẹyọ 1." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjókòó tó tẹ̀ lé e ló le jù. Jíìnì dystrophin wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn òpó tí jíìnì tò sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Bí jíìnì yẹn bá bàjẹ́ lórí rẹ̀, kò ní èkejì tó máa ràn án lọ́wọ́. Obìnrin ní méjì, èyí tó dára sábà máa ń ṣe iṣẹ́ èyí tó bàjẹ́. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ àjogúnbá, ọ̀nà ìyá ló gbà wá. Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń di nínú ilé wa. Ìyá ọkọ ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìdílé ìyàwó ló ní nǹkan nínú, nítorí pé àbúrò ìyàwó kan, ọkùnrin, kú ní Ìmọ̀tà ní ọmọ ọdún 17, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti gbé e mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti ń pe ikú yẹn ní oríṣiríṣi orúkọ.

Mo bẹ bàbá pé kó mú ìyá rẹ̀ wá, kí a má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn láti ẹnu ẹlòmíràn. Wọ́n wá, wọ́n sì ń pè mí ní "ọmọ mi" láti ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ọ́ báyìí pé: "Mà, nínú ìyá mẹ́ta tí ọmọ wọn ní àìsàn yìí, bíi méjì ló ń gbé jíìnì tó bàjẹ́ náà láìmọ̀, ti ẹyọ kan tó kù, inú ọmọ gan-an ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí ìyàwó yín jẹ, kò sí ibi tó rìn sí, kò sí ohun tó ṣe tí lẹ́tà yìí fi já. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da jíìnì kọ, a máa fò. Ti èmi náà fò níbì kan, ti yín náà fò níbì kan, ibi tó fò sí ló yàtọ̀." Wọ́n bi mí bóyá ọmọkùnrin Ìmọ̀tà yẹn náà ni. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ìyá jáde lẹ́yìn náà: ó ń gbé e. Ìyá ọkọ sì sọ nǹkan kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wọn lé lórí. Wọ́n ní kí ìyàwó dárí jì wọ́n fún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, níwájú ọkọ rẹ̀, níwájú mi.

Pé ó ń gbé e kan àwọn mìíràn. Obìnrin tó ń gbé e lè ní àìsàn ọkàn bó bá dàgbà, nítorí náà wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọkàn ìyá wò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń múra ìgbéyàwó, lọ ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kékeré ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 3. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi dàgbà tó láti yàn án fúnra rẹ̀, dókítà wọn náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàbá wá pẹ̀lú ohun tó kà lórí fóònù. Ó ti rí i pé exon 51 jẹ́ 233. Ó fi 109 kún un: 342. Ó pín in sí 3: 114, kò ṣẹ́ kù. "Àǹtí, tí wọ́n bá lè yọ 51 náà kúrò, kíkà máa padà bọ̀ sípò." Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nìyẹn, òun sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Oògùn tó ń ṣe é wà, eteplirsen lorúkọ rẹ̀; ó ń bo exon 51 mọ́lẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì fò ó. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án 2016. Nínú 100 ọmọ tó ní Duchenne, bíi 13 ló lè wúlò fún, ọmọ yìí sì wà nínú wọn.

Mo sọ apá kejì fún un pẹ̀lú. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ayé. Owó rẹ̀ lọ́dún kan tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi fọwọ́ sí i, dystrophin tí wọ́n rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kò pé 1 nínú 100 iye tó yẹ kó wà, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù sì kọ̀ ọ́ ní 2018. Ìtọ́jú jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, tí wọ́n fi jíìnì dystrophin tó kúrú ṣe (ọkùnrin ọmọ ọdún 61 yẹn wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èyí tó kúrú lè ṣiṣẹ́), iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 3.2 dọ́là. Ìdílé náà ní ilẹ̀ kan ní Ìmọ̀tà, wọ́n sì ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo sọ gbangba pé kí wọ́n má ta á. Owó ilẹ̀ náà kò ní ra oògùn oṣù kan, ọmọ náà yóò sì nílò ilé tí kò ní àtẹ̀gùn, àga oníkẹ̀kẹ́, àti ẹni tí yóò máa gbé e. Ọ̀rẹ́ bàbá kan bínú sí mi pé mo ń pa ìrètí. N kò rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó ni a mú ṣe. Dókítà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ prednisolone, 0.75 mg fún kílò kan lójúmọ́. Oògùn yìí kò wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí rìn pẹ́ sí i. Ojú rẹ̀ ti kún díẹ̀, oúnjẹ ń wù ú jù, ìyá sì ti dín gaàrí alẹ́ kù. Mo kọ ọ́ sára ògiri wọn pé wọn kò gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró lójijì bó ti wù kó rí, kódà tí owó bá tán: kí wọ́n kọ́kọ́ pe dókítà. Ìyá ń na gìgísẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́, ọmọ náà sì ń wọ bàtà ìdíwọ́ sùn kí ẹsẹ̀ má baà ká kò. Kò gun àtẹ̀gùn mọ́, kò fò mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tí wọ́n bá ráyè, mo sì fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo eré ìdárayá tí mo lè fún un lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti gbé kíláàsì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bi mí bóyá ó ń ràn, mo ní rárá. Wọ́n ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Lọ́dọọdún ni wọn yóò máa tún un ṣe. Èsì àbúrò ìyá rẹ̀ ti dé: kò gbé e.